Ìkórè Ògọ́ọ̀sì àti Sẹ̀tẹ́ńbà lórí àtẹ ẹbí wa: báwo la ṣe máa ṣe é tí kò fi ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́?

Ọmọ Ìyàrá

Ẹ̀yin ará wa, okun o, àtàgbà àtọmọdé. Oko bàbá wa wà lẹ́yìn ìlú níbí ní Ìjùmú, ìyá wa sì ní àtẹ létí títì tó lọ sí Kàbà. Láti ìgbà tí òjò ti dá díẹ̀ ní Ògọ́ọ̀sì ni irè oko ti ń dé wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì: ilá, àgbàdo tútù, ata rodo, tòmátì ìbílẹ̀, ìkàn, tẹ̀tẹ̀, píà, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Iṣu tuntun náà ti wọlé. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìyá wa á jí ní ìdájí, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ síta. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀fọ́ ti rọ, tòmátì ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ti fọ́, ìgbà yẹn gan-an sì ni àwọn alájàpá máa ń dé, wọ́n á fẹ́ fi owó yẹpẹrẹ kó ìyókù lọ. A ò ní fíríìjì, iná ò sì ṣeé gbára lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ta irè oko létí ọ̀nà tipẹ́, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Àwọn àbúrò mi ti gba ọlidé, ọwọ́ wà fún iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Kàbà

Okun o, ọmọ mi. Ẹ bá mi kí ìyá yín, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹ má wá fíríìjì kiri. Ìgbà tẹ́ ẹ ń ká a ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ohun tó bá kúrò lóko tòun ti ooru ọ̀sán lára, kò síbi tẹ́ ẹ lè gbé e sí tó máa pẹ́. Ẹ̀fọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé láàárọ̀, ìrì ò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tòmátì àti ata, ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ lára wọn kẹ́ ẹ tó wọ àárín wọn. Ọwọ́ àti aṣọ wa ló ń gbé àìsàn láti ara igi kan dé òmíràn nígbà tí ewé bá tutù, èso tó bá sì wọnú apẹ̀rẹ̀ tòun tomi, kíá ló máa bu. Kí oòrùn tó mú, kí gbogbo ẹ̀ ti délé.

Tẹ̀tẹ̀, ẹ má fà á tu. Ọ̀bẹ mímú ni kẹ́ ẹ fi gé e, kẹ́ ẹ fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀, á tún rúwé, ẹ ó sì tún gé e. Tẹ́ ẹ bá dì í, ẹ nà án dúró sínú ọpọ́n tó lómi díẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ máa wọ́n omi sórí rẹ̀ látìgbà dégbà. Omi tẹ́ ẹ̀yin náà lè mu ni kó jẹ́ o. Mo rí àwọn tó ń ri ẹ̀fọ́ bọ inú gọ́tà kó lè máa dán, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ gidigidi. Taífọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tà fún ọmọ ọlọ́mọ yẹn.

Ìwọ̀nba ni kẹ́ ẹ máa gbé síta. Ìyókù, kó wà lábẹ́ ibòji lẹ́yìn àtẹ, lórí pẹpẹ tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ti iwájú bá ṣe ń tán ni kẹ́ ẹ máa fi kún un.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ Mọ́pà

Ẹ ṣeun mà. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, torí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kàbà ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún wa dáadáa.

Èso pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tó o bá ti ká wọn nígbà tí wọ́n gbó, wọ́n á pọ́n sílé: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, píà, gúáfà, tòmátì. Àwọn yòókù, bó o bá ṣe ká wọn náà lo ṣe máa tà wọ́n: ọsàn, ọ̀pẹ̀yìnbó, ilá, ìkàn. Ọ̀pẹ̀yìnbó tó kan lóko, kíkan ló máa wà. Àwọ̀ rẹ̀ lè yí padà lórí àtẹ, adùn ò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Ibi tí owó wà fún ìyá wa nìyẹn. Àwọn tó ń pọ́n sílé, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pọ́n tán lórí igi. Kété tí ìdí tòmátì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀, ẹ ká a, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí oòrùn ò dé, ẹyọ kan lórí ẹyọ kan tàbí méjì, ó tó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ á ti pọ́n. Ẹyẹ ò ní ríbi sọ ọ́, òjò ò sì ní là á, torí tòmátì tó ti pọ́n tán lórí igi ni òjò Sẹ̀tẹ́ńbà ń là jù. Ìbẹ́pẹ náà, tí ìlà yẹ́lò bá ti hàn lára rẹ̀, ó tó ká.

Píà ní tiẹ̀ kì í rọ̀ lórí igi. Ó lè gbó tán kó ṣì wà lókè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá ká a kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Igi píà fúnra rẹ̀ ni ilé ìpamọ́ yín. Ẹ máa ká ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa tà. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbó, ẹ ká ẹyọ kan, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá. Tó bá rọ̀ dáadáa láì hunjọ, igi yẹn ti tó ká. Tó bá hunjọ bí awọ, ẹ ní sùúrù fún un. Ẹ má gbọn igi, ẹ má sì fa èso rẹ̀ já. Ẹ jẹ́ kí pòròpórò ìdí rẹ̀ díẹ̀ tẹ̀ lé e, torí ojú ibẹ̀ ni ìjẹrà ń gbà wọlé.

Ó tún ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ alátẹ kì í kíyè sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú èso yòókù pọ́n, òun náà ló sì ń mú kí ewé ẹ̀fọ́ tètè pọ́n rúsúrúsú. Ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ sí ìkángun àtẹ kan, kí ẹ̀fọ́ àti ilá wà ní ìkángun kejì.

Ọmọ Ìyàrá

Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹnì kan tó máa ń wá kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní ká máa fi kábáàdì sí i kó lè yá pọ́n. Ṣé kò léwu?

Ìyá Ìbejì Kàbà

Rárá o! Kò gbọdọ̀ dé ilé yín.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ Mọ́pà

Ó léwu gan-an. Kábáàdì àwọn wẹ́dà ni. Tó bá kan omi, gáàsì tó ń tú jáde ló ń ti èso pọ́n ní tipátipá, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà sì máa ń ní arsenic àti phosphorus nínú, májèlé ni àwọn méjèèjì. Kò yé NAFDAC í pariwo rẹ̀. Èèpo á pọ́n, inú á le, kò sì ní dùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yá, ẹ kó èyí tó gbó sínú àpò tàbí ìkòkò pẹ̀lú ẹyọ méjì tó ti pọ́n, ẹ bò ó, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ tí mo sọ lókè yẹn á bá yín ṣe iṣẹ́ náà láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Alátẹ Ẹ̀gbẹ̀

Ilá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ní tèmi, torí òun ló ń mówó wọlé fún mi jù ní ìgbà báyìí. Ilá ò mọ ọjọ́ ìsinmi. Látìgbà tí òdòdó rẹ̀ bá ti là, ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ti tó ká. Tẹ́ ẹ bá tún fi ọjọ́ mélòó kan sí i, ó ti gbó. Ọjọ́ méjì-méjì ni kí ẹnì kan máa wọ oko ilá, ì báà jẹ́ pé oníbàárà kankan ò béèrè. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí tàtijọ́ gbó sórí igi, agbára igi á lọ sínú irúgbìn, kò sì ní so dáadáa mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ilá yín tètè dáwọ́ èso dúró, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Ẹ ṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ wò. Tó bá já pọ́, ó ṣì tutù. Tó bá tẹ̀ láì já, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún irúgbìn. Ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ fi gé e, kí ẹ sì wọ nǹkan sọ́wọ́, pàápàá àwọn ọmọ kéékèèké, irun ara rẹ̀ ń yúnni. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó tà á, dúdú ló máa dà, á sì máa yọ̀.

Àgbàdo tútù náà nìyẹn: tí irun orí rẹ̀ bá ti gbẹ, tẹ́ ẹ fi èékánná tẹ hóró rẹ̀ tí omi funfun tú jáde, ó ti tó ya. Kété tẹ́ ẹ bá ti ya á ni adùn rẹ̀ ti ń dínkù, torí ṣúgà inú rẹ̀ ń yí padà. Tàárọ̀ yìí, kẹ́ ẹ tà á lónìí, kó sì wà nínú háhá rẹ̀ títí ẹni tó fẹ́ rà á á fi dé. Èyí tí wọn ò bá rà ní tútù, ẹ gbé ìkòkò kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, ẹ sè é, ẹ bẹ àgbọn sí i. Àgbàdo sísè máa ń dá ọkọ̀ dúró ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Ìyá Ìbejì Kàbà

Òótọ́ ni. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Ọbájànà kì í ra tútù, ìkòkò ni wọ́n ń wò.

Bàbá Oníṣu, Ìsánlú

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ọpọlọ. Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba iṣu. Iṣu tẹ́ ẹ bá wà ní Ògọ́ọ̀sì ò tíì gbó tán, omi pọ̀ nínú rẹ̀, kò ṣeé tò sí àká. Èyí tẹ́ ẹ máa tà láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ wà. Bẹ́ ẹ ṣe máa wà á ló wá ṣe pàtàkì: ẹ rọra tú ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ gé iṣu kúrò lábẹ́ orí rẹ̀, ẹ má da gbòǹgbò láàmú, ẹ sì da ilẹ̀ padà bò ó kó le dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí ewé ṣì tutù, á tún ta ọmọ iṣu sílẹ̀, ìyẹn lẹ máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fi ìkánjú hú gbogbo rẹ̀ ti jẹ irúgbìn ẹ̀ mọ́ ọn. Ojú ibi tẹ́ ẹ gé, ẹ fi eérú pa á, ẹ tẹ́ iṣu náà síbòji, ẹ má tò ó léra gogoro. Ti àká, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ewé bá gbẹ, láti Nòfẹ́ńbà lọ.

Elégédé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n di pòròpórò ìdí rẹ̀ mú gbé e. Tí pòròpórò yẹn bá ti já, kì í pẹ́. Tó bá wà níbẹ̀, tí ara rẹ̀ sì gbẹ, á lo oṣù kan, méjì, kò ní ṣe nǹkan kan.

Ọmọ Ejìbà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí ìkòkò amọ̀ méjì, kékeré nínú ńlá, tí wọ́n ń ki iyanrìn tútù sáàárín wọn? Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, ló gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1995, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Rolex lórí rẹ̀. Wọ́n ní ìkàn tó máa ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ 3 lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Kò sí iná, kò sí epo.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ Mọ́pà

Ohun tó dára ni, àbúrò, àmọ́ Jigawa ni, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Omi inú iyanrìn gbọ́dọ̀ máa ráyè gbẹ dà nù kí ìkòkò tó lè tutù. Lọ́dọ̀ wa níbí ní Sẹ̀tẹ́ńbà, aṣọ tá a sá láàárọ̀ ṣì máa ń rin dìrọ̀lẹ́, báwo ni omi inú iyanrìn ṣe máa gbẹ? Ẹ fi í pamọ́ di ìgbà ọyẹ́, Dìsẹ́ńbà sí Fẹ́búárì, ẹ ó gbádùn rẹ̀ nígbà yẹn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi omi dáàmù Kámpè gbin ẹ̀fọ́ àti tòmátì lẹ́ẹ̀rùn.

Fún àkókò yìí, òrùlé àtẹ ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Tó bá jẹ́ páànù ni, ẹ gbé imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko bẹẹrẹ lé e lórí, ẹ ó rí i pé ooru abẹ́ rẹ̀ máa dínkù gan-an. Ẹ má sì fi apẹ̀rẹ̀ tó jìn kó tòmátì mọ́. Èyí tó wà lókè ló ń tẹ tìsàlẹ̀ pa. Àpótí oníke tó láhò lára, tí kò jìn, ló dára, òun náà sì ni NSPRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ìpamọ́ irè oko tó wà ní Ìlọrin, ń gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú láti lò. Tí owó rẹ̀ ò bá tíì sí, ẹ tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì kún un ju ìdajì lọ.

Alátẹ Ẹ̀gbẹ̀

Ohun tó bá ṣẹ́kù, ẹ má fi dúró de alájàpá ìrọ̀lẹ́. Ilá tó ti fẹ́ máa le díẹ̀, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ẹ sá a, orúnlá nìyẹn. Lẹ́ẹ̀rùn, àwọn tó ń gbé Àbújá máa ń wá orúnlá Yàgbà kiri. Ata náà, ẹ là á kẹ́ ẹ tó sá a, á yá gbẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má sá a sórí títì! Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, torí ọ̀dà gbóná. Epo ọkọ̀, eruku, ìgbẹ́ ewúrẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń bọ́ sínú oúnjẹ. Ẹ fi igi kan pẹpẹ, ẹ tẹ́ àwọ̀n tàbí ẹní mímọ́ sórí rẹ̀, ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn tó mọ́, tí wọn ò rẹ lóògùn, bò ó. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ kó o lọ sórí àjà lókè ààrò, ẹ jẹ́ kí iná máa jó díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà ò gbé nǹkan gbígbẹ síbòmíràn nígbà òjò. Ilá tó gbẹ dénú á máa fọ́ pẹ́pẹ́ lọ́wọ́, ata á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Tó bá rọ̀, ẹ má tíì dì í sínú ọ̀rá.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ Mọ́pà

Èyí tó bá sì ti bu, ẹ dà á nù pátápátá. Oró inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè ò pa á, gbígé ibi tó bu kúrò ò sì tó.

Ẹ̀gbọ́n Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ ti sọ̀rọ̀ kíká àti ìtọ́jú, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọjà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ìyá wa jẹ.

Ibi tí àtẹ wà ṣe kókó. Kí awakọ̀ lè rí i láti òkèèrè, kó sì ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má jẹ́ kó wà ní kọ́nà tàbí ìsàlẹ̀ òkè, torí tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já ò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Kílẹ̀ tó ṣú, kí gbogbo yín ti wọlé.

Ẹ ṣa ọjà yín. Èyí tó dára jù lọ́tọ̀, èyí tó kéré lọ́tọ̀, èyí tó ní ojú ọgbẹ́ lọ́tọ̀, kí oníkálukú ní iye tirẹ̀. Kí orí àtẹ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ti délé ní Lọ́kọ́jà tó bá tòmátì jíjẹrà lábẹ́ tó dára, ó ti mọ àtẹ yẹn, kò ní dúró níbẹ̀ mọ́, á sì sọ fún ẹlòmíràn. Ẹ má gbàgbé èènì. Ata mélòó kan tẹ́ ẹ jù sí i ló ń mú kí oníbàárà béèrè yín lórúkọ.

Ní ti alájàpá, wọn kì í ṣe ọ̀tá wa, àwọn ló ń gbé ẹrù tí àtẹ ò lè tà tán. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ bá wọn dúnàádúrà, nígbà tí ọjà ṣì ń dán lójú wọn: ẹ jọ fẹnu kò lórí iye apẹ̀rẹ̀ àti owó rẹ̀, kí wọ́n wá kó o lọ́sàn-án. Ẹni tó bá rí i pé ẹ ti ń sá ilá àti ata tó ṣẹ́kù kò ní lè fi ìrọ̀lẹ́ dẹ́rù bà yín mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ àwọn ará ilé ń pọ̀ jù láti Àbújá àti Lọ́kọ́jà, kí ẹ̀fọ́ àti píà yín pọ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Kí àbúrò yín kan máa ya fọ́tò àtẹ láàárọ̀ kùtù, kó gbé e sórí WhatsApp, kó kọ ohun tó wà àti iye rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ gbogbo wa: tẹ́ ẹ bá fín oògùn sí ata tàbí ìkàn, ẹ ka ara ìgò. Wọ́n kọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó ká a. Oògùn aáyán ò gbọdọ̀ kan ohun tẹ́nu ń jẹ rárá. Ọ́fíìsì ADP, àjọ ìjọba tó ń ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, ti ẹkùn wa wà níbí ní Ayétòrò, ẹ lè wá béèrè lọ́wọ́ wọn èyí tó bá ohun ọ̀gbìn yín mu.

Ọmọ Ìyàrá

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétí ìyá wa, wọ́n ní kí n máa kí yín. Èyí tó wọ̀ wọ́n lára jù ni ti píà àti ti alájàpá àárọ̀. Wọ́n ní kí n bi yín léèrè nípa ọsàn: èyí tó kọ́kọ́ dé ti dùn, àmọ́ èèpo rẹ̀ ṣì rí bí ewé, àwọn ará Àbújá sì ń sọ pé kò pọ́n.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ Mọ́pà

Òtútù òru ló ń mú èèpo ọsàn di yẹ́lò. Ooru wa ní Sẹ̀tẹ́ńbà ò jẹ́ kó yí, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ ti dùn. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ ó rí i. Ẹ tọ́ ọ wò láti ara igi kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó ká a, torí ọsàn wà lára àwọn tí kì í dùn sílé.

Alátẹ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ bó ẹyọ kan, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ sínú àwo tó ní ìdérí, ẹ fún wọn tọ́ wò. Wọn ò ní sọ̀rọ̀ èèpo mọ́.

Ìyá Ìbejì Kàbà

Ọmọ mi, mo ní àpótí oníke mẹ́rin tó ṣófo nílé, ìgbà tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn ni mo tún máa nílò wọn. Kọ sí mi ní kọ̀rọ̀, kí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ wá gbé wọn fún ìyá yín. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn sóòrùn kẹ́ ẹ tó lò wọ́n.